Ilé Ọtí Samuel Fraunces àti Àwọn Ọjọ́rú Ọdún 1783

Lọ́dún 1783, bí Ọjọ́rú bá ti mọ́, àwọn ènìyàn dúdú kan a máa gba ọ̀nà ilé ọtí kan lọ ní ìsàlẹ̀ ìlú New York, níbi tí òpópónà Pearl ti pàdé Broad. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ń lọ mu. Ìgbìmọ̀ kan ń jókòó níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀: àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ẹni tó ti sá kúrò lóko ẹrú á dúró síwájú wọn, ẹni tó ń pè é ní ẹrú òun á dúró lápá kejì, kálukú á sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á wá pinnu bóyá kí ẹni yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ pẹ̀lú òmìnira rẹ̀, àbí kí wọ́n fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ padà. Láti ìparí oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kọkànlá ni wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ilé ọtí náà ṣì wà. Fraunces Tavern ni wọ́n ń pè é, ní nọ́ńbà 54, òpópónà Pearl. Ẹni tó bá béèrè ìtàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ George Washington ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un, pé ibẹ̀ ló ti dágbére fún àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀ lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ gba ìtàn yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé yìí láàárín àwa Yorùbá, àwọn Ọjọ́rú wọ̀nyẹn ló kàn wá jù, nítorí ọ̀nà tó jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ọtí yẹn gba Kánádà kọjá, ó dé Freetown, láti Freetown ló sì ti bọ́ sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀.

Ilé náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ilé ọtí. Stephen DeLancey ló kọ́ ọ lọ́dún 1719, oníṣòwò ńlá kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Étienne, tó sì sá kúrò nílé nítorí pé ọba wọn ń ni àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì lára. Ó fẹ́ ọmọ Stephanus van Cortlandt, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Họ́láńdì tó lówó jù ní New York, ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀ yìí sì ni ilẹ̀ tó kọ́lé sí ti wá. James, ọmọ rẹ̀, di igbákejì gómìnà tó ń ṣàkóso New York. Orúkọ ìdílé yìí ló wà lára òpópónà Delancey títí dòní. Nígbà tí wọn kò gbé ibẹ̀ mọ́, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí àti ọ́fíìsì òwò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1762, wọ́n tà á fún Samuel Fraunces.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Fraunces. Ó gbé àwòrán orí Ayaba Charlotte, ìyàwó Ọba George Kẹta, kọ́ síwájú ilé náà, ibẹ̀ sì ń jẹ́ Queen's Head. Láyé ìgbà yẹn, ilé ọtí kì í ṣe ibi ọtí nìkan. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń gbọ́ iye tí ọjà ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu gbàǹjo, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jó lálẹ́. Yàrá gbọọrọ kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní Long Room, òun ló ń gba gbogbo ìpéjọ ńláńlá. Fraunces mọ oúnjẹ sè, pàápàá àwọn ohun dídùn tí wọ́n ń jẹ gbẹ̀yìn oúnjẹ, òkìkí ọwọ́ rẹ̀ sì kàn. Ó tún ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tó sọ ní Vauxhall, níbi tó kó àwọn ère tí wọ́n fi ìda mọ sí kí àwọn ènìyàn lè máa sanwó wò wọ́n.

Black Sam ni ìnagijẹ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé láti àwọn erékùṣù Karíbíànì ló ti wá, ọ̀pọ̀ ìwé ní Amẹ́ríkà sì ti kọ ọ́ pé ẹni dúdú ni. Mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ wa nínú bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún 1790, àárín àwọn funfun ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ẹrú kan sì wà nínú ilé rẹ̀. Àwòrán kan tún wà tí wọ́n ti ń gbé káàkiri tipẹ́ pé òun ni, ìwádìí àìpẹ́ yìí sì fi hàn pé ará Jámánì ni ẹni inú àwòrán náà. Bí ó ti wù kí awọ ara rẹ̀ rí, ohun kan dájú: ó ní ẹrú nílé, ilé rẹ̀ sì ni àwọn ẹlòmíràn ti gba òmìnira. Nǹkan méjèèjì la gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilé ọtí náà fi di ojú ọ̀nà ìṣèlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1768, 20 oníṣòwò péjọ níbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò New York sílẹ̀. Lọ́dún 1774, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Sons of Liberty, tó ń tako ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàdé níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó kó tíì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Boston ni wọ́n ṣe níbẹ̀ náà, wọ́n da tíì sómi. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1775, àwọn ọmọ ogun ìlú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Alexander Hamilton wà nínú wọn, lọ wọ́ àgbá kúrò ní ibi ààbò etí omi lóru. Ọkọ̀ ogun Asia ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ìlú, ọta àgbá kan sì gba òrùlé Fraunces wọlé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba New York. Fraunces sá lọ sí New Jersey, wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n sì fi í ṣe agbọ́únjẹ fún ọ̀gágun James Robertson. Ó ń gbọ́únjẹ fún àwọn ọ̀tá, ó sì ń yọ́ kó nínú oúnjẹ náà fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀wọ̀n, tí ebi fẹ́ pa kú. Lẹ́yìn ogun, Ìjọba Àpapọ̀ fún un lówó nítorí iṣẹ́ yìí. Ìtàn mìíràn tún wà pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan gba Washington lọ́wọ́ májèlé tí wọ́n fi sínú ẹ̀wà rẹ̀. Ìyẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ti wọlé nìyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1775, Lord Dunmore, gómìnà Virginia, kéde pé ẹrú èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìyẹn àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá Ọba jà, tó bá sá wá, tó sì lè gbé ìbọn fún Ọba, ó ti di òmìnira. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1779, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì Henry Clinton sọ ìkéde náà di gbígbòòrò: ẹrú ọlọ̀tẹ̀ yòówù tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn yóò rí ààbò, yóò sì lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é. Ogun ni wọ́n ń jà, wọ́n fẹ́ tú oko mọ́ ọ̀tá lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í bi ẹni tó ṣílẹ̀kùn pé kí ló fà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbéra. Wọ́n gba inú igbó, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n fi òru rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí ojú ọ̀nà, ìgbóná pa púpọ̀. Àwọn tó dé New York ń fọṣọ, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n ń gbẹ́ yàrà, wọ́n ń kàn pákó, wọ́n ń wa ọkọ̀.

Nígbà tí ìròyìn àlàáfíà dé, jìnnìjìnnì bò wọ́n. Ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1782 sọ ní abala keje pé kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wọn kúrò láìmú ẹrú tàbí dúkìá àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Boston King, káfíńtà kan tó ti sá láti South Carolina, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ bí ó ti rí nígbà tí òkìkí kàn pé wọ́n fẹ́ dá gbogbo àwọn padà. Ó ní ìbẹ̀rù náà pọ̀ débi pé wọn kò lè jẹun, wọn kò lè sùn. Àwọn olówó wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Virginia àti Carolina, wọ́n ń gbá ènìyàn mú ní òpópónà New York, wọ́n tilẹ̀ ń wọ́ wọn lórí ibùsùn.

Ẹni tó ń ṣàkóso ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni Guy Carleton. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1783, òun àti Washington pàdé ní Tappan, ní òkè odò Hudson. Ọ̀rọ̀ tí Washington kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ ni pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú padà. Carleton dá a lóhùn pé àwọn kan ti wọkọ̀ lọ ná, àti pé kò sí bí òun ṣe lè kà á sí ìtumọ̀ àdéhùn náà pé kí òun da ìlérí tí ìjọba òun ti ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tó gbà láti ṣe ni pé òun yóò kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ń pè wọ́n ní ẹrú, kí wọ́n lè san owó tí ó bá di pé wọ́n gbọ́dọ̀ san. Samuel Fraunces ni wọ́n pè láti wá gbọ́únjẹ fún wọn ní ìpàdé náà. Ọkùnrin kan náà ló sè fún àwọn ọ̀gágun méjèèjì tó ń jiyàn lórí àwọn ènìyàn yìí, ilé ọkùnrin kan náà sì ni wọ́n ti lọ gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìlànà lásán ni Washington ń sọ, ẹrú tirẹ̀ wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, kó tó lọ sí Tappan, ó ti kọ̀wé sí Daniel Parker, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ní New York, pé àwọn ẹrú òun kan lè wà nínú ìlú náà, bí ó bá sì fojú kàn wọ́n, kó bá òun mú wọn. Lọ́jọ́ kan ṣáájú lẹ́tà náà ni Deborah, ọmọ ogún ọdún, ti wọ ọkọ̀ Polly tó ń lọ Port Roseway ní Nova Scotia, ní Kánádà, òun àti ọkọ rẹ̀ Harvey Squash. Deborah jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 17 tó bá ọkọ̀ ogun Savage lọ láti oko Washington ní Mount Vernon lọ́dún 1781. Nígbà tí wọ́n bi í, ó sọ fún àwọn akọ̀wé pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun ti kúrò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Ọ̀gágun Washington, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Inú mi máa ń dùn nígbàkúùgbà tí mo bá ka ìlà yẹn.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé rọrùn láti sọ: ẹni tó ti wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1782 ti di òmìnira, ẹni tó dé lẹ́yìn ìgbà náà, ti olówó rẹ̀ ni. Ọ̀gágun Samuel Birch, tó ń ṣàkóso ìlú, ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wọn, pé ẹni yìí wá lábẹ́ ìkéde, ó sì lè lọ sí Nova Scotia tàbí ibikíbi tó bá wù ú. Ìwé pélébé náà ni wọ́n ń pè ní ìwé Birch. Tí wọ́n bá dé èbúté, àwọn akọ̀wé tún ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, bí ara ti rí, ibi tí wọ́n ti wá àti orúkọ ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìwé ńlá tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí ni Book of Negroes. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ènìyàn wà nínú rẹ̀: 1,336 ọkùnrin, 914 obìnrin, 750 ọmọdé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ lómìnira o. Àwọn kan jẹ́ ẹrú àwọn funfun tó dúró ti Ọba, wọ́n sì kó wọn lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrú.

Bí olówó kan bá ní òun mọ ẹni tó ti wọkọ̀ tàbí tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹjọ́ náà á dé ilé Fraunces ní Ọjọ́rú. Ìgbìmọ̀ á béèrè ọjọ́ tó dé, ẹni tó rí i, ẹni tó tà á, bóyá ìwé ìtajà wà. Ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá ro ohun tí wọ́n ń bi àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tí wọn kò kọ́ níwèé rí, tó sá lóru ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òun ni wọ́n ní kó wá sọ déètì, òun ni wọ́n ní kó wá sọ bóyá ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ọ̀gá kejì ní rìsíìtì. Àwọn kan jàre. Àwọn kan, wọ́n fà wọ́n lé olówó wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹjọ́ mìíràn ta kókó, wọ́n tì í sókè fún Birch tàbí Carleton.

Ẹjọ́ Judith Jackson ni mi ò lè gbàgbé. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, láti Norfolk ní Virginia ló ti sá wá, ó ń fọṣọ, ó ń lọ aṣọ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní ìwé Birch lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni oníṣòwò kan bá yọjú, ó ní òun ti rà á. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ sí Carleton, Judith ní ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀gá òun rí. Ó ti gba aṣọ òun, ó ti gba owó òun, ó sì ti jí ọmọ òun gbé ránṣẹ́ sí Virginia. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí ọdún fi ń lọ sópin. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá náà níkẹyìn, lára àwọn tó lọ sí Nova Scotia. Òun lọ, ọmọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìlú sílẹ̀. Gómìnà George Clinton se àsè fún Washington nílé Fraunces lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, nínú Long Room, Washington gbé ife wáìnì sókè, ó dágbére fún àwọn ọ̀gá tó bá a jagun, Henry Knox ló sì kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Benjamin Tallmadge tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Mo gbà pé omijé náà ti ọkàn wá. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn kan ti sunkún ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé wọ́n ń dá wọn padà sóko, ẹkún tiwọn ni wọn kò fi sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Washington ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn, Harry, ẹrú tí Washington fúnra rẹ̀ rà lọ́dún 1763, tí wọ́n bí létí odò Gambia, ti wà ní Birchtown ní Nova Scotia láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ L'Abondance ló gbé e lọ ní oṣù Keje, Boston King àti ìyàwó rẹ̀ Violet wà nínú ọkọ̀ kan náà. Harry Washington ni wọ́n kọ ọ́: orúkọ ìdílé ọ̀gá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Nova Scotia kò ṣojú rere sí wọn. Birchtown, tí wọ́n fi orúkọ Birch sọ, ni ìlú àwọn ènìyàn dúdú olómìnira tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà Àríwá nígbà náà, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àpáta, òtútù ibẹ̀ ń pani, ilẹ̀ oko tí wọ́n sì ṣèlérí fún ọ̀pọ̀ wọn kò dé. Ní oṣù Keje ọdún 1784, àwọn funfun tó wà ní Shelburne nítòsí wọn dìde sí wọn, wọ́n wó ilé wọn nítorí pé iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ kéré sí ti àwọn.

Ẹnì kan kò gbà. Thomas Peters, sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Black Pioneers, ti sá lọ́wọ́ William Campbell ní Wilmington, North Carolina. Ìtàn tó ti wà tipẹ́ ni pé ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Ẹ̀gbá, tí àwọn Faransé kó lẹ́rú lọ sí Louisiana nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Peters gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó rékọjá òkun lọ sí London, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè tún gbá a mú tà lójú ọ̀nà. Ó bá àwọn tó ń jà fún òpin òwò ẹrú pàdé, wọ́n sì rán John Clarkson wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1792, ọkọ̀ 15 gbéra láti Halifax pẹ̀lú ènìyàn tó tó 1,200. Ní oṣù Kẹta, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sierra Leone, wọ́n sì tẹ Freetown dó. Peters kú ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Harry Washington wà lára àwọn tó lọ. Lọ́dún 1800 ó dìde pẹ̀lú àwọn tó kọ owó orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso wọn bù lé wọn, wọ́n sì lé e kúrò ní ìlú.

Ìlú tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí dá sílẹ̀ ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrú lójú omi. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther, gúnlẹ̀ ní Freetown lọ́dún 1822. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn Yorùbá tó wà láàárín wọn ní Akú. Ilé ìjọsìn àti ọjà tí àwọn ará Nova Scotia ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà sílé, sí Badagry, sí Èkó, sí Abẹ́òkúta, wọ́n gbé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ dání. Ọmọ wọn pọ̀ láàárín wa títí di òní.

Ìyókù ìtàn ilé náà kò gùn lọ títí. Fraunces yá ìjọba ní ilé náà fún ọ́fíìsì, ẹ̀ka ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀ka ogun àti ẹ̀ka ìṣúná wà níbẹ̀ láti 1785 sí 1788. Lọ́dún 1785 kan náà, ó tà á fún alápatà kan ará Brooklyn. Nígbà tí Washington di ààrẹ lọ́dún 1789, Fraunces di alábòójútó ilé rẹ̀. Kò mọ owó ṣọ́, ó fẹ́ kí tábìlì ààrẹ kún ṣáá, wọ́n dá a dúró lọ́dún 1790, wọ́n sì tún pè é padà sí Philadelphia lọ́dún 1791. Nínú ilé ìdáná tó ń bójú tó níbẹ̀ ni Hercules ti ń sè, ẹrú Washington tó mọ oúnjẹ sè bí idán. Fraunces kú ní Philadelphia lọ́dún 1795. Ọdún 1797 ni Hercules sá.

Ilé náà jóná lẹ́ẹ̀melòó kan ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àjà lé e lórí, wọ́n yí ojú rẹ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wó o. Ẹgbẹ́ Sons of the Revolution ti Ìpínlẹ̀ New York rà á lọ́dún 1904, pẹ̀lú owó tí Frederick Tallmadge, ọmọ ọmọ Benjamin Tallmadge, fi sílẹ̀ fún wọn. Ayàwòrán ilé William Mersereau tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1907. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń wò níta lónìí, ìfojúbù Mersereau ni, nítorí kò sí àwòrán ilé àkọ́kọ́ tó lè wò kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1975, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ẹgbẹ́ FALN tó ń jà fún òmìnira Puerto Rico ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú, ó lé ní àádọ́ta tó fara pa.

Lónìí, oúnjẹ àti ọtí wà nísàlẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Washington ló gba gbogbo ògiri. Ní ọdún àìpẹ́ yìí ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà tó ṣe àfihàn kan lórí àwọn ìgbẹ́jọ́ Ọjọ́rú, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un, bó tilẹ̀ pẹ́ jù. Ẹ̀dà ìwé ńlá náà wà ní Kew nítòsí London, òmíràn wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní ìlú Washington, Nova Scotia sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ wá Deborah lábẹ́ ọkọ̀ Polly, Harry Washington lábẹ́ L'Abondance, àti Thomas Peters lábẹ́ Joseph James, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sally.